Ẹ̀jẹ̀ Ríru, Ìtọ̀ Ṣúgà, Gíláàsì Ojú: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ìwé Mẹ́díkà Awakọ̀ Bàálù Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé léraléra: "Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wa bàálù?" Ẹlòmíràn á ní ìtọ̀ ṣúgà ni tòun. Ẹlòmíràn á ní AS lòun. Nígbà mìíràn, ìyá ló ń béèrè fún ọmọ tó ti gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ bàálù ní Ìlọrin, tí dókítà sì sọ fún nígbà kan rí pé asímà ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìwé mẹ́díkà ni ìwé tí dókítà fi ń jẹ́rìí pé ara èèyàn yẹ fún wíwa bàálù. Púpọ̀ nínú àìsàn wọ̀nyí kì í dí ọ̀nà pa bí ẹ bá mú ìwé tó yẹ dání. Bí ẹ bá lọ lọ́wọ́ òfìfo, ọwọ́ òfìfo lẹ máa bá padà, kódà bí ara yín bá le koko. Nítorí náà, bí a ṣe ń to ìwé jọ ló gba àyè jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ohun tí dókítà ń wá gan-an

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn dókítà tó ń yẹ awakọ̀ bàálù wò: ṣé nǹkan yìí lè dá a dùbúlẹ̀ lójijì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdarí? Ọ̀pọ̀ àjọ òfurufú ló máa ń fi ìṣirò kan wọn èyí fún ẹni tó ń wa bàálù elérò pẹ̀lú ẹnìkejì: kí ewu pé ara á kọṣẹ́ fún un lójijì má ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ọdún kan.

Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti wálẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀, fi lè kọjá, tí wárápá tó gbé èèyàn lẹ́ẹ̀kan péré ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn sì lè di ìdènà ńlá. Ìrora kò jọ wọ́n lójú bí ohun tí kì í kìlọ̀ kó tó dé.

Òfin àgbáyé tí ICAO (àjọ òfurufú àgbáyé) ṣe, èyí tí NCAA tiwa (àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà) náà ń tẹ̀lé, fi àyè kan sílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ẹnì kan kò bá kúnjú ìwọ̀n níbì kan, àwọn dókítà tó mọṣẹ́ lè jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí wọ́n wo ìrírí àti òye rẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n sì fún un ní ìwé tí wọ́n kọ àṣẹ pàtàkì kan sí. Àyè yìí lẹ ń wá. Kì í ṣe ojúrere, inú òfin ló wà.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan

1. Ẹ mọ kíláàsì tí ẹ fẹ́. Kíláàsì kìíní wà fún ẹni tó fẹ́ fi bàálù ṣiṣẹ́ jẹun. Kíláàsì kejì wà fún ẹni tó fẹ́ wa bàálù fúnra rẹ̀ láìgba owó. Kíláàsì kẹta ni ti àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀.

2. Bí iṣẹ́ lẹ ń lé, kíláàsì kìíní ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹlòmíràn á fi kíláàsì kejì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nítorí pé ó rọrùn, á wá rí i lẹ́yìn tí owó ti lọ pé etí òun kò lè gba kíláàsì kìíní láéláé.

3. Ẹ gba mẹ́díkà kí ẹ tó san owó ilé ẹ̀kọ́. Ìbáà jẹ́ Ìlọrin lẹ ń lọ, tí kò jìnnà sí wa níbí, ìbáà jẹ́ Sàríà, ẹ má san ju owó fọ́ọ̀mù lọ títí ìwé mẹ́díkà á fi wà lọ́wọ́. Àṣìṣe tó ń jẹ owó àwọn òbí jù nìyí. Wọ́n á ta ilẹ̀, wọ́n á san owó ilé ẹ̀kọ́ tán, kí ọmọ tó lọ ka ìwé tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò bóyá ó mọ àwọ̀ níwájú dókítà.

4. Ẹ lọ sí ojú òpó NCAA, kí ẹ wo orúkọ àwọn dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí fún iṣẹ́ yìí àti kíláàsì tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Dókítà ẹbí yín, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, kò lè fọwọ́ sí ìwé yìí bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀. Èkó ni ọ̀pọ̀ máa ń lọ. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra.

Ẹ̀jẹ̀ ríru

Ìbéèrè lórí èyí ló pọ̀ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí.

Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá wà lábẹ́ 140/90, tí oògùn tó gbé e síbẹ̀ kì í jẹ́ kí òòyì kọ́ni tàbí múni sùn, ìdènà kò tó nǹkan. Láti fi wọ̀n ọ́n: ní Amẹ́ríkà, 155/95 ni òkè tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá, ní Yúróòpù, 160/95. Ẹ má fi òkè yẹn ṣe àfojúsùn. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú 150/92 ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìbéèrè.

Oògùn tí ẹ ń lò ṣe pàtàkì bíi nọ́ńbà náà. Amlodipine, lisinopril, losartan àti oògùn tó ń mú ni tọ̀ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó ń gba inú ọpọlọ ṣiṣẹ́ ni wọn kì í fẹ́ rí: methyldopa, clonidine, reserpine. Reserpine ṣì wà nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àtijọ́ tí àwọn àgbà ń lò níbí, tí ọmọ sì máa ń yá lò nínú ike bàbá rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú tiyín, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ ọ́, kí ẹ ní ẹ fẹ́ wa bàálù, kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ lo tuntun náà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí ara mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó lọ fún àyẹ̀wò.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá náà lè da nǹkan rú. Ẹ fojú inú wo ẹni tó jí ní aago mẹ́ta òru, tó wọ ọkọ̀ ní Tákíè, tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Bẹ́gà, tó sáré gun àtẹ̀gùn nítorí pé ó ti pẹ́, tí ìtọ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ń ṣàlàyé bí ọ̀nà ṣe rí fún nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ìdè apá tó kéré jù fún apá rẹ̀ tó ki pọ́pọ́. Ẹ̀rọ ní 162/98. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló gbé nọ́ńbà yẹn sókè, àìsàn lè má sí lára wọn.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe:

- Ẹ lọ sùn sí Èkó nígbà tí àyẹ̀wò bá ku ọ̀la.
- Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó.
- Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn kan àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.
- Kí apá wà lórí tábìlì, ní ọ̀gangan àyà. Ẹ má sọ̀rọ̀.
- Bí apá yín bá tóbi, ẹ ní kí wọ́n mú ìdè ńlá wá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.
- Ẹ má mu kọfí, ẹ má jẹ obì, ẹ má mu ohun mímu alágbára inú agolo (energy drink) láàárọ̀ ọjọ́ náà.
- Ẹ lo oògùn yín bí ẹ ṣe ń lò ó. Àwọn kan máa ń fo ti ọjọ́ náà kí dókítà má baà "rí i nínú ẹ̀jẹ̀". Ìfúnpá wọn ló máa ń tú àṣírí.

Bó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn nìkan ni ìfúnpá yín ti máa ń lọ sókè, ẹ wọ̀n ọ́n nílé láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá fún wákàtí 24, tó ń wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ tọ̀sán-tòru, tún lágbára ju ìwé yẹn lọ. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ọkàn.

Ìtọ̀ ṣúgà

Bí oúnjẹ àti eré ìmárale nìkan bá kápá rẹ̀, ọ̀nà là. Bó bá jẹ́ oògùn oníhóró, ó kù sí ọwọ́ oògùn náà. Metformin kì í sábà fa ṣúgà wálẹ̀ jù, nítorí náà ara wọn máa ń balẹ̀ sí i. Glibenclamide lè fà á wálẹ̀ débi tí òtútù á fi mú èèyàn, tí ojú á sì ṣú, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń le mọ́ ẹni tó ń lò ó. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ bóyá ẹ lè kúrò lórí rẹ̀.

Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, àìyẹ ni òfin ICAO pè é. Àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn kékeré. Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Amẹ́ríkà ṣí i fún àwọn tó ń fi bàálù ṣiṣẹ́ jẹun ní 2019, pẹ̀lú àyẹ̀wò ṣúgà lemọ́lemọ́. Ilẹ̀kùn tiwọn nìyẹn, ẹ má fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò yín níbí.

Ìwé tí ẹ máa nílò: èsì HbA1c (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta hàn) ẹ̀ẹ̀mejì tó fi bí oṣù mẹ́ta jìnnà síra, àkọsílẹ̀ ṣúgà tí ẹ ń wọ̀n nílé, àyẹ̀wò ẹ̀yìn ojú, àyẹ̀wò kíndìnrín, àti lẹ́tà tó sọ gbangba pé ṣúgà yín kò já wálẹ̀ rí débi tí ẹlòmíràn ní láti ràn yín lọ́wọ́.

Ojú

Gíláàsì kò lé ẹnikẹ́ni padà rí. Fún kíláàsì kìíní, kí ojú kọ̀ọ̀kan rí 6/9 (ìyẹn ni pé láti mítà mẹ́fà, kó ka ohun tí ojú tó dá ṣáṣá lè kà láti mítà mẹ́sàn-án), kí méjèèjì pa pọ̀ rí 6/6, pẹ̀lú gíláàsì tàbí láìsí gíláàsì. Fún kíláàsì kejì, 6/12 fún ẹyọ kan, 6/9 fún méjèèjì. Bí ojú yín kò bá tó 6/60 láìsí gíláàsì, wọ́n á béèrè ìwé kíkún láti ọ̀dọ̀ dókítà ojú.

Ẹ lọ ṣe gíláàsì tuntun kí ẹ tó lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń ru gíláàsì ọdún márùn-ún lọ síbẹ̀, tí wọ́n á sì kùnà lórí ìlà tí gíláàsì tuntun ìbá kà kíá.

Ti àwọ̀ yàtọ̀. Wọ́n á ṣí ìwé alámì tótòtó tí nọ́ńbà fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Ẹlòmíràn á ti rí àwòrán wọn lórí fóònù, á ti há a sórí. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í ṣí i ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, á máa fò ó ni. Ẹ má wọ gíláàsì tàbí lẹ́ńsì aláwọ̀ lọ síbẹ̀, wọn kì í gbà á. Bí ẹ bá kùnà, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò iná àtùpà, níbi tí ẹ ó ti máa pe àwọ̀ iná tí wọ́n bá fi hàn yín. Bí èyí náà bá kọ̀, òfin ICAO ṣì fi àyè sílẹ̀ fún kíláàsì kejì tí wọ́n kọ "ọ̀sán nìkan" sí.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ láti fi kúrò lórí gíláàsì gbọ́dọ̀ mú ìwé iṣẹ́ abẹ náà wá, pẹ̀lú ìwé pé ojú ti fìdí múlẹ̀ tí iná kì í sì í tàn ká lójú rẹ̀ lóru.

Etí

Wọ́n á fi yín sínú yàrá kékeré kan tí ariwo kì í wọ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ agbọ́hùn (headphone) bo etí yín, ẹ ó sì máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ ohùn tíńrín. Nínú etí kọ̀ọ̀kan, àdánù ìgbọ́ràn kò gbọdọ̀ ju 35 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó) lọ ní 500, 1000 àti 2000 Hz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe tíńrín tó), kò sì gbọdọ̀ ju 50 dB lọ ní 3000 Hz.

3000 yẹn ló ń mú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọta, jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn òde. Ẹ fún etí yín ní wákàtí 16 ìsinmi kí ẹ tó lọ. Ẹ má gba àyẹ̀wò ọjọ́ Mọ́ńdè bí ẹ bá ní òde lálẹ́ Sọ́ńdè. Kí dókítà sì wo inú etí yín lọ́sẹ̀ kan ṣáájú: ìdọ̀tí etí tó dì lè jẹ yín níyà lásán. Ẹ má fi ọwọ́ ìyẹ́ adìẹ wà á.

Àwọn tó kù, ní ṣókí

*AS àti SS.* AS kì í ṣe àìsàn lójú òfin yìí, ó sì sábà máa ń kọjá. SS yàtọ̀: fòníkú-fọ̀ladìde lè dé lójijì, afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ lókè sì lè tì í débẹ̀. Ẹ má mú ìwé jẹ́nótáìpù tí wọ́n ṣe fún yín ní sẹ́kọ́ńdìrì lọ. Ẹ lọ tún un ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá. Ìwé tí ẹ̀ ń mú lọ yìí ju èyí tí wọ́n fi ń wá ìyàwó lọ.

*Asímà.* Wọ́n fẹ́ mọ ìgbà tó gbé yín dé ilé ìwòsàn gbẹ̀yìn, iye ìgbà tí ẹ ń fa oògùn sínú lọ́sẹ̀, àti èsì fífẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n ń fà sínú dára lójú wọn ju oníhóró lọ. Bí ẹ bá ṣì ń lo prednisolone, ẹ dúró ná.

*Ikọ́ ẹ̀gbẹ.* Èyí tó ń ràn lọ́wọ́lọ́wọ́ kò lè kọjá. Èyí tó ti san lè kọjá, bí ẹ bá ní ìwé pé ẹ lo oògùn tán àti fọ́tò àyà tuntun.

*HIV.* Kì í ṣe ìdènà tààrà mọ́. Wọ́n á wo iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, oògùn, àti bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́.

*Ìpá àti òkúta kíndìnrín.* Ẹ tọ́jú wọn kí ẹ tó lọ. Ìpá tó lè há, tàbí òkúta tó lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀, wọn kì í jẹ́ kó kọjá.

*Wárápá, dídákú tí kò ní ìdí, àrùn ọpọlọ.* Níbí ni ọ̀nà ti há jù. Bó bá jẹ́ ìdààmú ọkàn tó ti san, ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ lè ṣí i. Oògùn ìdààmú ọkàn tí ẹ bá ṣì ń lò, ẹ kà á kún ohun tí ó máa lọ sí NCAA fún ìpinnu.

*Oyún.* Bí oyún kò bá ní ewu, òfin ICAO gbà kí obìnrin wa bàálù láti òpin ọ̀sẹ̀ 12 títí dé òpin ọ̀sẹ̀ 26, lábẹ́ àbójútó dókítà.

Bí ẹ ṣe máa to fáìlì yín

Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí, kí ẹ tó fojú kan dókítà mẹ́díkà. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ méjì ló wà níbí, ti LAUTECH àti ti Bowen. Bí dókítà àìsàn yín kò bá sí ní èyíkéyìí nínú wọn, UCH ní Ìbàdàn ló kàn, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ẹ fún ara yín ní oṣù mẹ́ta.

Lẹ́tà dókítà ni ọ̀pá tó gbé fáìlì náà ró. Lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ níta nìyí:

"Ẹni yìí ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ wa. Ara rẹ̀ ti yá. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ ràn án lọ́wọ́."

Lẹ́tà yẹn kò wúlò, èyí tó ní kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́ ló tilẹ̀ burú jù níbẹ̀. Irú èyí lẹ fẹ́:

"Ọkùnrin ọmọ ọdún 34. A rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára rẹ̀ ní oṣù kẹta 2023. A wá ohun tó fà á, a kò rí ìdí míràn. Amlodipine 5 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń lò láti oṣù kẹrin 2023, a kò yí i padà. Kò ṣàròyé òòyì, wíwú ẹsẹ̀ tàbí oorun. Ìfúnpá rẹ̀ nínú ìpàdé mẹ́fà tó kẹ́yìn kò ju 134/84 lọ. ECG (ìlà bí ọkàn ṣe ń lù), àwòrán ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀yìn ojú kò ní àléébù, èsì wọn wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Kì í pa oògùn jẹ. A ó tún rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

Ẹ lè kọ àwọn kókó yìí sórí ìwé, kí ẹ fún dókítà yín. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ á sì dúpẹ́ pé ẹ bá wọn tò ó.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì:

- Káàdì ìdánimọ̀, àti ìwé mẹ́díkà àtijọ́ bí ẹ bá ti gba ọ̀kan rí
- Lẹ́tà dókítà àìsàn yín, tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́
- Èsì àyẹ̀wò gan-an, kì í ṣe àkópọ̀ rẹ̀ nìkan. ECG: ẹ mú bébà tí ìlà ọkàn wà lórí rẹ̀
- Ìwé ìdásílẹ̀ láti ilé ìwòsàn fún gbogbo ìgbà tí wọ́n ti dá yín dúró tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín
- Orúkọ gbogbo oògùn àti iye rẹ̀, títí kan àgbo. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ọtí lè fara hàn nínú àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, ẹ dá a dúró kí ó ti pẹ́ kí ẹ tó lọ
- Ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan á dúró sọ́dọ̀ dókítà, ọ̀kan á bá yín padà sílé

Ọjọ́ àyẹ̀wò

1. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ wá láìjẹun.
2. Ẹ má ṣe eré ìmárale tó le ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ó lè mú kí púrótéènì ara hàn nínú ìtọ̀, wọ́n á sì ní kíndìnrín ni.
3. Kí obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù yan ọjọ́ mìíràn nítorí àyẹ̀wò ìtọ̀.
4. Bí ọ̀fìnkìn bá mú yín, ẹ sún ọjọ́ síwájú. Etí tó dí kò ní gbọ́ran dáadáa.
5. Wọ́n á ya ECG yín ní àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fún kíláàsì kìíní. Ẹni tó bá ti ju 50 lọ á máa ṣe é lọ́dọọdún.
6. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù náà fúnra yín, láìkánjú.

Lórí fọ́ọ̀mù: wọ́n á bi yín bóyá wọ́n ti yẹ̀ yín wò rí, kí ni èsì rẹ̀, bóyá wọ́n ti kọ̀ fún yín tàbí gba ìwé lọ́wọ́ yín rí. Ẹ kọ òtítọ́. Òfin ICAO ní kí dókítà fi irọ́ tó bá wà níbẹ̀ tó àjọ létí, ibẹ̀ sì ni wàhálà ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá àìsàn lára rẹ̀ ṣì ní àyè tí a sọ lókè. Ẹni tí wọ́n bá bá irọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́, dókítà tó bá rí fáìlì rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú kò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́. Kódà bí irọ́ náà bá kọjá lónìí, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, àwọn onímọ̀ ìbánigbófò á tú u jáde.

Àṣìṣe míì: kíkọ "rárá" sí gbogbo ìlà nítorí pé ẹ rò pé ó ti pẹ́. Asímà ìgbà ọmọdé ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ fi kún un pé ẹ kò lo oògùn kankan láti ọdún báyìí.

Èsì tó lè jáde

Wọ́n lè fún yín lójú ẹsẹ̀. Ó dáa.

Wọ́n lè fún yín pẹ̀lú àṣẹ: kí ẹ máa wọ gíláàsì, kí ẹ máa wà á pẹ̀lú awakọ̀ kejì nìkan, tàbí kí ẹ máa padà wá ní oṣù mẹ́fà. Ẹ má bínú sí èyí. Awakọ̀ bàálù elérò ńlá kì í dá wà níwájú lọ́nàkọnà, nítorí náà àṣẹ awakọ̀ kejì kì í sábà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ibi tó ti ń dunni ni iṣẹ́ olùkọ́ àti bàálù kékeré.

Wọ́n lè ní àwọn á fi fáìlì yín ránṣẹ́ sí NCAA. Èyí kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ gba orúkọ ẹni tí ẹ máa pè àti nọ́ńbà fáìlì, kí ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì pè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá béèrè àyẹ̀wò kan sí i, ẹyọ yẹn ni kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá kó mẹ́wàá lọ, mẹ́sàn-án lè mú ìbéèrè tuntun wá.

Wọ́n sì lè kọ̀. Nígbà náà:

1. Ẹ gba ìdí rẹ̀ ní kíkọ, pẹ̀lú ìlà òfin tí wọ́n tọ́ka sí.
2. Ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà àìsàn yín. Ẹ bi í: kí ló lè yí ìdáhùn yìí padà, yóò sì gba oṣù mélòó?
3. Ẹ kọ ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí NCAA pẹ̀lú ẹ̀rí tuntun. Ẹ̀bẹ̀ lásán kì í ṣiṣẹ́. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ tàbí ojú kan kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ lè béèrè pé kí wọ́n yẹ̀ yín wò nínú bàálù gan-an.
4. Ẹ má sá lọ bá dókítà mìíràn kí ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ kò lọ sí ibì kankan rí. Fọ́ọ̀mù ti béèrè rẹ̀ ná.

Bí kíláàsì kìíní bá kọ̀ pátápátá, ẹ wo kíláàsì kejì. Bí bàálù náà lẹ sì fẹ́ràn, òfin ICAO kò béèrè mẹ́díkà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún bàálù ṣe, kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣètò ìrìnàjò bàálù láti ọ́fíìsì. Owó wà nídìí iṣẹ́ méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wò wọ́n.

Lẹ́yìn tí ìwé bá dé ọwọ́

Gẹ́gẹ́ bí òfin ICAO, kíláàsì kìíní ń lo oṣù 12. Ó ń di oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ti pé 60, àti fún ẹni tó ti pé 40 tó ń dá nìkan gbé èrò. Kíláàsì kejì lè lo oṣù 60 kí èèyàn tó pé 40, lẹ́yìn náà oṣù 24. Orílẹ̀-èdè lè dín in kù. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé yín ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ọjọ́ yẹn kò ní kí ẹ wa bàálù nígbà tí ara kò yá. Bí ibà bá mú yín, ẹ jókòó sílé. Mefloquine fún ibà kì í bá iṣẹ́ yìí rẹ́ nítorí ohun tó ń ṣe fún orí. Oògùn ọ̀fìnkìn oníyẹ́lò kékeré tí wọ́n ń pè ní Piriton ń múni sùn ju bí ẹ ṣe rò lọ: ìlànà Amẹ́ríkà ni pé kí ẹ dúró fún ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn.

Bí dókítà bá yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín padà, tàbí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ dúró ná, kí ẹ pe dókítà mẹ́díkà kí ẹ tó tún gun bàálù.

Gíláàsì kejì ńkọ́? Òfin ní kí ẹni tí wọ́n kọ gíláàsì sí ìwé rẹ̀ ní òmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ lè tètè tó. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ nílé l'Ógbómọ̀ṣọ́. Inú àpò kan náà tí láísẹ́ǹsì yín wà ni kí ó máa gbé.